Orin Tó Sọ Ìyá Di Ìyà

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, torí pé kò sí bí inú ṣe lè bí mi tó tí n kò ní kí ọmọ tí mo bí. Ara mi le. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà dáadáa. Ìkíni ti parí. Má pè mí lórí tẹlifóònù mọ́. O ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án láti àná, mo rí i, n kò sì ní gbé e. Orí ìwé ni mo ti fẹ́ bá ọ sọ ọ́, kí o má baà sọ pé nẹ́tíwọọ̀kì já nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ká ọ mọ́.

Láàárọ̀ àná, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, mò ń rán ihò bọ́tìnnì sí yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé. Bábà tí ṣọ́ọ̀bù ìgẹrun rẹ̀ kan tèmi yí rédíò sókè, ó pariwo pé, "Màámi, ẹ wá gbọ́ o! Ògiri ti di olórin!" Orúkọ tí àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù sọ ọ́ nìyẹn, Ògiri, torí pé bọ́ọ̀lù kì í gba ara rẹ kọjá wọnú ilé. Inú mi dùn. Mo sáré jáde tòun ti tépù lọ́rùn. Àwọn mẹ́rin tó ń dúró de irun gígẹ̀ dìde fún mi. Mo ní ọmọ mi ni, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́.

Ohùn rẹ kò dára. Mo fẹ́ kí o tètè mọ̀, torí kò jọ pé ẹnikẹ́ni níbẹ̀ máa sọ fún ọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló bí mi nínú. Kì í ṣe gbogbo wa ni Ọlọ́run fún lóhùn. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ ló bí mi nínú. Mo gbọ́: "Ìyà ló bí mi, ìyà ló tọ́ mi, ìyà ló gbé mi dé ibi tí mo dé."

Mo ní kí bábà wá a lórí fóònù rẹ̀, kó tún un fi sí i. Ó tún un fi sí i. Ìyà ni. Kì í ṣe ìyá. Ìyà! "N kò ní gbàgbé ìyà mi láéláé." Ọ̀kan nínú àwọn tó ń dúró wojú mi, ó sì yára wolẹ̀ bí ẹni tó bá èèyàn níbi tó ti ń wẹ̀.

Èmi náà nìyẹn! Èmi tí bàbá rẹ kú mọ́ lọ́wọ́ nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tí abẹ́rẹ́ gún títí ìka mi ò fi mọ ìrora mọ́, èmi lo lọ pè ní ìyà nínú rédíò. Ó tún kù o! O ní, "Ọwọ̀ mi ló ń gbá bọ́ọ̀lù jáde." Ọwọ̀! Ìgbálẹ̀! Àbí ilẹ̀ ni wọ́n gbà ọ́ síbẹ̀ pé kí o máa gbá? Bábà rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gé etí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀.

O sì ti sọ fún mi pé ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù karùn-ún, lọ́jọ́ tí o máa gbá bọ́ọ̀lù àgbákẹ́yìn kí o tó fẹ̀yìn tì, orin yìí lo máa kọ láàárín pápá, èmi á sì dúró tì ọ́ kí ayé lè rí ìyá tó bí ọ. Mo ti gba físà torí rẹ̀. Gbọ́ mi dáadáa. N kò ní dúró láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn kí ọmọ inú mi máa nàka sí mi, kó máa pè mí ní Ìyà. Pa orin yẹn rẹ́, tàbí kí o tún un kọ. Bí o kò bá ṣe é, ìwọ nìkan ni kí o dá dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Èmi ni ìyá rẹ, n kì í ṣe ìyà rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejì

Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí ẹ tó ka ìlà kejì. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró, ẹ kú ìbínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ farabalẹ̀ gbọ́ tèmi. Ìyá ni mo kọ sínú ìwé. Mo búra fún yín, ìyá ló wà lọ́kàn mi, ẹ̀yin náà ni.

Ẹni tó ń bá mi ṣe orin ní sítúdíò ló fà á. Onífìlà ni à ń pè é, torí kì í ṣí fìlà, ì báà jẹ́ nínú ooru. Kò gbọ́ èdè wa rárá. Òun ló kọ́kọ́ ṣe ohùn orin náà kí n tó wá ọ̀rọ̀ sí i, ohùn náà sì ń sọ̀ kalẹ̀ níbi tí "ìyá" bọ́ sí gan-an. Bí mo bá gbé e sókè, á ní mo ti ṣì í, ká tún bẹ̀rẹ̀. Yàrá náà kò ju ilé ìwẹ̀ lọ, wọ́n fi fóòmù lẹ gbogbo ara rẹ̀. Mo ga jù ú lọ. Bí mo bá nàró, orí mi á gbá iná. Bí mo bá tẹ̀, èémí mi á wọnú máíìkì, Onífìlà á ní kí n má mí. Ta ló ń kọrin láìmí, Màámi? Ìgbà mẹ́tàlélógójì la kọ ọ́. Èmi tí mo lè dúró wo ẹni tó fẹ́ gbá pẹnárítì sí mi láìṣẹ́jú, mo ń sá sẹ́yìn fún irin tí kò tó ìkúùkù mi.

Ẹ má rò pé wọ́n ń kan sáárá sí mi níbí o. Nínú yàrá ìmúra, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi ike omi ṣe máíìkì, wọ́n á máa fi orin náà sín mi jẹ. Ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé ohùn mi dà bí garawa tí wọ́n ń wọ́ lórí síméńtì. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo lọ jókòó sínú mọ́tò mi, n kò tan án fún bíi wákàtí kan. Mo rò pé ẹnì kan ṣáà máa wà tó máa sọ fún mi pé mo gbìyànjú. Mo rò pé ẹ̀yin ni. Lẹ́tà yín ló wá dé.

Ṣùgbọ́n Màámi, kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wa níbí. Ìyá ni o, ìyà ni o, ọ̀kan náà ni létí wọn. Kí ló wá tó ìjà níbẹ̀? Mo máa bá Onífìlà sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fagi lé ìrìn àjò yín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ keje, oṣù kẹta

Ìwọ ọmọ yìí,

Mo kí garawa orí síméńtì. Ẹni tó kọ ìwé ìròyìn yẹn ní etí.

O ní kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wa níbẹ̀. Àwa tí a gbọ́ ọ ńkọ́? Ṣé a ti kú ni? Obìnrin tó ń ta ìwé lódìkejì títì, tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀, wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù láìmú aṣọ kankan lọ́wọ́. Ó ní òun kàn ní kí òun wá bá mi dárò. Dárò kí ni? Ó ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, bó ti wù kéèyàn tọ́jú wọn tó, ibi tó dùn wọ́n nìkan ni wọ́n máa ń rántí. Ẹ má dá a lóhùn." Sísọ́ọ̀sì ló wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, Ọlọ́run ló yọ obìnrin náà. Àwọn ọmọ tí mo rán yúnífọ́ọ̀mù sí lọ́rùn ń kọjá níwájú mi, wọ́n ń kọ ọ́ pé ìyà ló bí mi, wọ́n ń jó sí i. O ti sọ mí di orin títì, o wá ń bi mí pé kí ló tó ìjà.

O kàwé. Dò re mí ni olùkọ́ yín fi kọ́ yín ní àmì ohùn, o máa ń pariwo rẹ̀ káàkiri ilé títí orí fi máa ń fọ́ mi. Ó jọ pé bọ́ọ̀lù ti gbá a kúrò lórí rẹ, jẹ́ kí n tún fi kọ́ ọ. Ìyá, dò mí. Ìyà, dò dò. Ọwọ́ tí o fi ń mú bọ́ọ̀lù, re mí. Ọwọ̀ tí wọ́n fi ń gbálẹ̀, re dò. Ọmọ kíláàsì kejì kò ní ṣì í. Sọ fún Onífìlà kó gbé ohùn rẹ̀ sókè níbi ìyá. Bí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e sókè, kó ṣí fìlà náà, bóyá atẹ́gùn á fẹ́ sí i lórí.

Ibi tí mo fẹ́ parí lẹ́tà yìí sí nìyẹn. Mo ti ń wá àpòòwé nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ wọlé pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ojú rẹ̀ kò sì dára. Ó ní àwọn oníròyìn fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bi ọ́ pé kí ni orin rẹ ń sọ. Ó túmọ̀ ohun tí o fi dá wọn lóhùn fún mi. Mo ní kó tún un túmọ̀. O ní, "Orin nípa ìyà tó tọ́ mi dàgbà ni."

Nínú èdè wọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ìyá àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ìyà kò jọra rárá. Mo bi ẹ̀gbọ́n rẹ léèrè. Wọn kò fi ibì kankan jọra. Ahọ́n èèyàn kò lè ṣèèṣì ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì.

Onífìlà kọ́ nìyẹn. Ohùn tó ń sọ̀ kalẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ìwọ ni. O dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí ìwé, o sì purọ́ fún mi lórí ìdọ̀bálẹ̀ náà. Kọ̀wé padà, kí o sì sọ òótọ́.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Ogójì ọjọ́ rèé, n kò gbúròó rẹ. Mo rí ọ nínú tẹlifíṣọ̀n bábà lọ́jọ́ Àìkú. O mú pẹnárítì kan, o sì ń lu àyà rẹ bí ilẹ̀kùn. Torí náà, ara rẹ le, ọwọ́ rẹ kò sì rọ. O lè kọ̀wé, o kàn ń wò mí níran ni.

Mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n rẹ bá mi fagi lé ìrìn àjò náà. Ó bẹ̀ mí pé kí n dúró di ìparí oṣù. Òun ni mo dúró fún, kì í ṣe ìwọ.

Kí ni mo fi ṣe ọ́? Dárúkọ rẹ̀. Ẹyọ kan péré.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kẹrin

Màámi,

Ẹ ní kí n dárúkọ rẹ̀. Ó dáa. N kò dọ̀bálẹ̀ lónìí, orí àga ni mo wà.

Mo bá Onífìlà sọ ọ́ lóòótọ́. Èèyàn dáadáa ni. Ó ní kí n wá, ó tún ohùn orin náà tò, ó sì gbé e sókè níbi tí mo fẹ́. Mo kọ ọ́ ní dò mí, ketekete, inú yín ì bá dùn. Ó wá fi méjèèjì sí mi létí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá ló tọ́ mi. Ìyà ló tọ́ mi. Ìgbà àkọ́kọ́, àṣìṣe ni lóòótọ́, n kò parọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ méjèèjì pa pọ̀, mo rí i pé àṣìṣe yẹn ni òótọ́. Mo ní kí Onífìlà pa tuntun rẹ́. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ tọ́ mi, Màámi. Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ilé kóòṣì tó ń kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù ni mo wà. Ẹ̀yin lẹ mú mi lọ síbẹ̀ tèmi ti báàgì kan. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì ni. Àwa mọ́kànlá là ń sùn sórí síméńtì nínú yàrá tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù sí. Bí bọ́ọ̀lù kan bá wọlé mọ́ mi lọ́wọ́, kóòṣì á ní kí n dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, káwọn yòókù máa gbá bọ́ọ̀lù lù mí lẹ́yìn. Ìka mi tó wọ́ yìí, tí ẹ máa ń bi mí pé kí ló ṣe é, ibẹ̀ ló ti ṣẹ́. Kóòṣì fi igi ṣíbí àti aṣọ dì í, mo sì wọ pápá lọ́jọ́ kejì.

Mo kọ lẹ́tà méje sí yín. Mo fi rán awakọ̀ tó máa ń kó oúnjẹ wá bá wa, ó sì sọ fún mi pé òun ń fi lé yín lọ́wọ́. Ẹ ò dáhùn ẹyọ kan. Ẹ ò wá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin lẹ wá ń ka ogójì ọjọ́ sí mi lọ́rùn! Ọdún mẹ́rin ni mo kà, èmi.

Inú ń bí yín pé àwọn ará àdúgbò ń wò yín. Èmi náà wo ẹnu géètì yẹn títí ó fi sú mi. Orin mi kò bú yín. Kò tiẹ̀ dárúkọ yín níbì kankan, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn yín.

Mo ti dárúkọ rẹ̀ o.

Ẹni tí ẹ bí.


Ọjọ́ kejì, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo ti ya lẹ́tà mẹ́ta kí n tó kọ èyí. Nínú èkíní, mo gbé ọ ṣépè, mo sì tún yára mú un kúrò. Nínú èkejì, kóòṣì ni mo bú. Ẹ̀kẹta, omi bọ́ sí i, mo sì ní o ò ní rí ìyẹn.

Mo gba lẹ́tà méjèèje. Ó rọrùn fún mi láti sọ pé awakọ̀ náà sọ wọ́n nù. Ó ti kú, kò ní wá bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n ó fi wọ́n lé mi lọ́wọ́, mo sì kà wọ́n. Èyí tí o ti sọ̀rọ̀ ìka, ọwọ́ òsì lo fi kọ ọ́. Mo mọ̀ kí n tó ka ohun tó wà níbẹ̀.

Mo sì wá. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ẹ̀gbọ́n rẹ. Lẹ́yìn lẹ́tà ìka yẹn, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́sàn-án gangan, mo wọkọ̀, mo débẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mo wá mú ọ lọ sílé ni. Mo dúró lẹ́yìn fẹ́ńsì onírin tó yí pápá ká. Ìwọ lo wà lójú ilé. Bọ́ọ̀lù kan ń bọ̀, o fò sí i, o sì ṣubú lé ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì yẹn gan-an. Mo rí bí ẹnu rẹ ṣe là. Kóòṣì rìn lọ bá ọ, ó fi ẹsẹ̀ tì ọ́ níhà pé kí o dìde. Mo di irin fẹ́ńsì yẹn mú, orúkọ rẹ ti wà lẹ́nu mi. O dìde. Bọ́ọ̀lù mìíràn tún dé, o mú un. Ọmọ mi, o fi ìka tó ṣẹ́ mú un! Mo wá rí i lójú ẹsẹ̀ pé o máa di èèyàn ńlá nídìí nǹkan yìí. Bí mo bá pè ọ́, wàá sáré bá mi, a ó sì jọ máa lọ sílé, kò sì sí ohun tó ń dúró dè ọ́ nílé ju ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Mo gbé orúkọ náà mì. Mo yí padà, mo lọ wọkọ̀.

Torí náà, má rò pé n kò mọ̀. Mo mọ̀, mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, mo sì fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. N kò fèsì lẹ́tà rẹ torí pé ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ mi fẹ́ kọ ni "máa bọ̀ nílé."

Inú ṣì ń bí mi sí ọ, kí o mọ̀. Láti ìgbà tí o ti kúrò nílé kóòṣì, ọdún mọ́kàndínlógún lo fi ń bá mi rẹ́rìn-ín lórí tẹlifóònù, tí ò ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Ohun tó yẹ kí o pariwo rẹ̀ mọ́ mi lójú, rédíò bábà lo gbé e fún. Kí ló dé tí o ò lè bá mi jà? Ṣé mo dà bí ẹni tí wọn kì í bá jà ni? Mi ò ní bẹ̀ ọ́ lórí ìwé. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ohun tí mo ṣe dára tàbí ó burú. O di Ògiri, ìka rẹ sì wọ́, mi ò lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì. Èmi ni mo ṣe méjèèjì, mo kàn mọ ìyẹn.

Mo ń bọ̀. Má tún orin náà ṣe. Dò dò ni kí o kọ ọ́, bó ṣe wà lọ́kàn rẹ. Mo máa dúró tì ọ́, n kò ní tẹrí ba, ẹni tó bá gbọ́ èdè wa níbẹ̀ kó wò mí dáadáa. Ṣùgbọ́n ti ìgbálẹ̀ yẹn, mo bẹ̀ ọ́, tún un ṣe. Ìyẹn kò ní àwíjàre.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù karùn-ún

Màámi,

Ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Ẹ má di ẹrù tó wúwo. Ọwọ́ yín ni kí ìwé ìrìnnà wà, ẹ má tì í sínú àpótí. Èmi fúnra mi ni mo máa dúró níbi tí àwọn èrò ń gbà jáde, n kò ní rán ẹnikẹ́ni.

Inú ṣì ń bí mi. Yàrá ìmúra ni mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì lu kọ́bọ́ọ̀dù mi títí ilẹ̀kùn rẹ̀ fi yọ lọ́wọ́ mi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rò pé torí góòlù tó wọlé mọ́ mi ni. Onífìlà ti tún ti ọwọ́ ṣe, ó ti di re mí. Ti ìyá, n kò tíì mọ èyí tó máa jáde lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, n kò sì fẹ́ kí ẹ bá mi yàn án. Ẹ ṣáà máa bọ̀.

Màámi, mo rí yín lọ́jọ́ yẹn. Mo rí obìnrin kan lẹ́yìn fẹ́ńsì, oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, n kò rí ojú rẹ̀. Mo rò pé ìyá ọ̀kan nínú àwọn yòókù ló wá wo ọmọ rẹ̀. Nígbà tí mo máa tún wo ibẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń wo àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n lè mọ èyí tí ìyá rẹ̀ wá nínú wọn. Mo kórìíra ọmọ náà dénú.

Ọmọ yín.